Òkúta Bàbá Ń Gun Òkè

Dúró. Ìwọ tó mú ìwé yìí dání, tí ojú rẹ ń sáré lórí rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé, dúró ná. Bí o bá ń jẹun lọ́wọ́, gbé e sílẹ̀. Bí fóònù rẹ bá ń dún, jẹ́ kó dún. Ó ní ẹni tí ìwọ fúnra rẹ máa pè kí a tó parí ọ̀rọ̀ yìí. Mi ò wá pàlọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ ṣẹlẹ̀. Ojú tó rí i kò tíì fọ́. Ẹnu tó sọ ọ́ fún mi kì í purọ́. Èmi tí mo sì ń kọ ọ́, mo mọ̀ pé Ẹni tó ń gbọ́ ohun tí a kò tíì sọ jáde lẹ́nu ń wo ọwọ́ mi.

Obìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Tíṣà Òkúta. Kò kọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni ní ìwé rí. Ẹ̀rọ ló ń kọ́. Ọ́fíìsì tó ti ń ṣiṣẹ́ ló ń ṣọ́ àwọn òkè tó wà lẹ́bàá títì, nítorí òkúta a máa já bọ́ lára wọn. Wọ́n gbé kámẹ́rà méjì dojú kọ òkè kan, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, wọ́n sì ń ya àwòrán rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Àwòrán á wọnú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà á wo òkúta kọ̀ọ̀kan, á dá a mọ̀ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, á sì sọ bóyá ó ṣì wà níbi tó wà lánàá tàbí ó ti yẹ̀.

Ṣùgbọ́n a kì í bí ọgbọ́n mọ́ ẹ̀rọ. Ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó, kó fi ìlà pupa yí òkúta kọ̀ọ̀kan ká nínú àwòrán, kó máa wí fún un bí ẹni tó ń fi mọ̀lẹ́bí han ìyàwó tuntun: èyí ni lágbájá, èyí ni tẹ̀mẹ̀dù. Èyí ní àpá léjìká. Èyí ní àbàwọ́n dúdú lójú, níbi tí omi ti ń ṣàn. Lójú ẹni tó ń kọjá lọ, òkúta ni gbogbo wọn. Lójú Tíṣà Òkúta, kò sí méjì tó jọra, àfi bí ìbejì ṣe ń jọra lójú àlejò, tí ìyá wọn kò sì ní ṣì wọ́n pè láé.

Àwọn ará ọ́fíìsì kò jẹ́ kó gbádùn.

"Tíṣà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín ńkọ́? Wọ́n ti mọ ABD?"

"Wọ́n mọ̀ ọ́n jù yín lọ. Àwọn kì í pariwo ní kíláàsì."

Òkúta kan wà lókè téńté, ó tó ilé kékeré, ó yọ síta bí iwájú orí àgbàlagbà tó ti pá. Àgbà ni wọ́n ń pè é. Gbogbo ìṣọ́ tí wọ́n ń ṣọ́, nítorí Àgbà ni. Bí Àgbà bá yẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ohun tó kù di ọ̀rọ̀ àdúrà.

Nísinsin yìí, fetí sílẹ̀ dáadáa, nítorí ibí ni ọ̀rọ̀ ti ṣẹ́. Kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n máa ń fa ìlà ńlá kan yí ibi tí yóò máa ṣọ́ ká, bí ẹni ń fi ọgbà yí ilẹ̀ rẹ̀ ká. Ohun tó bá wà nínú ọgbà náà, ẹ̀rọ á kọ́ ọ. Ẹni tó bá ń gbé tàbí tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, orí fóònù rẹ̀ ni ìkìlọ̀ máa lọ bí ewu bá dé. Ohun tó bá wà lóde, ẹ̀rọ ò mọ̀ ọ́n rí. Kò kà á sí òkúta, kò kà á sí ènìyàn.

Tíṣà Òkúta ló fa ìlà náà. Ó fà á gba orí òkè, ó fà á sọ̀kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó fà á gba títì àti àwọn ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́sẹ̀ òkè. Nígbà tó dé igun tó kẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Lẹ́yìn náà ló yí ìlà náà, ó fi ya ṣọ́ọ̀bù kan sóde, ó sì fà á lọ. Nígbà tí Ọ̀gá rẹ̀ bi í, ó ní iná jórinjórin tó wà níbẹ̀ ń ta pàrà, ó ń fọ́ kámẹ́rà lójú. Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Irú irọ́ bẹ́ẹ̀ ló burú jù.

Jórinjórin náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ọmọ ìyá kan, ọmọ bàbá kan.

Ọjọ́ tí wọ́n sin bàbá wọn ni nǹkan ti bàjẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ ni obìnrin yìí wà, ọ̀nà jìn, wọn kò ránṣẹ́ sí i lásìkò. Ó dé bá pósí. Bó ṣe bú sẹ́kún, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí lójú gbogbo èèyàn pé, "Ẹni tí Bàbá ń pè tí kò dáhùn, kí ló wá ń sunkún fún?" Ẹkún náà gbẹ lójú rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dá, ojú mi àti ojú yín ò ní pàdé mọ́." Ó mú ọ̀rọ̀ náà ṣẹ. Nígbà tí iṣẹ́ wá gbé kámẹ́rà ka ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà, ìlà ló fi yà á sóde.

Lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yẹn, òkúta kan wà. Ó fẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ lórí, ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ sì ṣẹ́ wọnú bí búrẹ́dì tí ọmọdé gé jẹ lẹ́ẹ̀kan tó sì gbàgbé. Òkúta Bàbá ni. Ọ̀kan nínú àwọn tó la títì náà ni bàbá wọn nígbà ayé rẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, orí òkúta yẹn ló ń jókòó sí lójoojúmọ́, á fi ọwọ́ ṣíji bojú kí iná ọmọ rẹ̀ má ta sí i lójú. Ó ti mọ òkúta náà tipẹ́. Nígbà tí àwọn ọmọ méjèèjì wà ní kékeré, bí wọ́n bá jà, orí rẹ̀ ló ń gbé wọn sí.

"Ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn," á wí. "Ẹni tó bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ló jàre."

Wọn á jókòó, wọn á di ẹnu pa. Ìgbà tó bá yá, ọ̀kan á mọ̀ ọ́n lára pé ẹ̀yìn èkejì ti ń gbọ̀n. Ẹ̀rín ò tíì jáde, ṣùgbọ́n ó ti ń bọ̀. Kò sí ìjà tó kọjá orí òkúta náà.

Ìyá wọn ṣì wà láyé. Láràárọ̀ ló ń pe ọmọbìnrin rẹ̀.

"Ṣé o ti pe ẹ̀gbọ́n rẹ?"

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Mi ò ní kí o kí mi. Mo ní ṣé o ti pe ẹ̀gbọ́n rẹ?"

"Màmá, mo wà lẹ́nu iṣẹ́."

"Ó dáa. Máa kọ́ òkúta lẹ́kọ̀ọ́. Èyí tó wà láyà rẹ, ta ni yóò bá wa kọ́ ọ?"

Ìyá náà á pa fóònù. Kì í dágbére.

Báyìí ni nǹkan wà títí òjò fi bẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Tíṣà Òkúta nìkan ló wà ní yàrá iṣẹ́. Aṣọ nípọn lójú fèrèsé níbẹ̀, kí oòrùn má bàa tàn sójú kọ̀ǹpútà. Fáànù ń yí lókè, hùù, hùù. Ó ṣí àwòrán àkọ́kọ́.

Ìlà pupa kan wà lẹ́sẹ̀ òkè.

Ó wò ó. Koríko ni. Ó sún un mọ́ ojú, ó tún wò ó. Koríko tútù, ìrì lórí rẹ̀. Kò sí òkúta níbẹ̀. Ìlà náà kàn yí òfìfo ká. Òkúta tuntun, nọ́ńbà tuntun ni ẹ̀rọ máa ń fún un. Èyí kò ní nọ́ńbà. Ohun tí ẹ̀rọ kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni èyí tó máa ń kọ bí ojúlùmọ̀ bá yọ: *A ti rí i rí.*

Fáànù dúró.

Iná ò lọ. Kọ̀ǹpútà ṣì mọ́lẹ̀. Fáànù nìkan ló dúró, bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ nǹkan. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, òórùn kan dé. Òórùn irin tó ń jó. Ó wà nínú yàrá náà bí ẹni pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ó pa ìlà náà rẹ́. Fáànù tún bẹ̀rẹ̀. Hùù. Hùù.

Lọ́jọ́ kejì, ìlà náà padà wá. Ó ti kúrò lórí koríko. Ó ti gun òkè díẹ̀.

Ó lọ pe Ọ̀gá. Onímọ̀ òkúta ni ọkùnrin náà, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè, kò sì sí ohun tí kò ní àlàyé lójú rẹ̀.

"Sà, ẹ̀rọ rí òkúta kan."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ṣebí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn."

"Kò sí òkúta níbẹ̀, sà."

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́.

"Òjìji ni."

"Òjìji tó ń gun òkè, sà?"

"Ṣí ti kámẹ́rà kejì."

Ó ṣí i. Ìlà pupa wà níbẹ̀. Láti ẹ̀gbẹ́ kejì òkè, ojú kan náà, òfìfo kan náà. Òjìji kì í rí bákan náà lójú ẹni méjì tó dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀gá mọ ìyẹn. Ó yíjú sí Tíṣà.

"Ta ló kọ́ ẹ̀rọ ní òkúta yìí?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ, sà."

Òtítọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n kò sọ ohun tó kù. Ó ti tẹjú mọ́ ìlà náà pẹ́. Ó fẹ̀. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ lórí. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ṣẹ́ wọnú bí búrẹ́dì tí ọmọdé gé jẹ. Òkúta tí òun tìkára rẹ̀ yà sóde. Òkúta tí ẹ̀rọ kò rí rí.

Láti ọjọ́ náà lọ, ó ń gun òkè. Kò sáré. Bí àgbàlagbà ti ń gun àtẹ̀gùn ló ń gùn ún: á gùn díẹ̀, á sinmi. Ó sinmi lábẹ́ igi kékeré kan, ó pẹ́ níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí òjò pọ̀, kò rìn. Nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, ó tún gbéra. Ní gbogbo ìgbà tí àwòrán rẹ̀ bá wọlé, fáànù á dúró. Òórùn irin á dé. Tíṣà Òkúta kò pariwo. Ó ń gbàdúrà lábẹ́ ahọ́n bí ẹni ń jẹ obì, kò sì mọ ohun tó ń tọrọ.

Ní àárọ̀ kan, òun ló kọ́kọ́ pe ìyá rẹ̀.

"Màmá, òkúta Bàbá, ṣé ó ṣì wà níwájú ṣọ́ọ̀bù?"

"Ẹsẹ̀ rẹ dùn ọ́ tí o ò fi lè lọ wò ó?"

"Mo kàn bèèrè ni, mà."

"Ó wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ ń jókòó lé e bó bá parí iṣẹ́." Ìyá fi kún un. "Apá kan ló ń jókòó sí. Mo bi í pé ta ló fi apá kejì sílẹ̀ dè. Kò dá mi lóhùn."

 Lọ́jọ́ yẹn, Tíṣà Òkúta ló pa fóònù láìdágbére.

Nígbà tó yá, ìlà pupa náà dé ìdí Àgbà. Ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó dúró bí ẹni fi èjìká ti ẹrù. Kò kúrò níbẹ̀ mọ́.

Tíṣà Òkúta bi ẹ̀rọ nípa Àgbà. Ẹ̀rọ ní Àgbà kò yẹ̀. Ó tún bi í. Àgbà wà níbi tó wà. Ó fẹ́ pa kọ̀ǹpútà. Ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Ó sún àwòrán mọ́ ojú, ó wo inú òfìfo tí ìlà náà yí ká. Ilẹ̀ ni. Ilẹ̀ pupa àti gbòǹgbò.

Ó ti sán.

Ilẹ̀ tí Àgbà tẹ̀ mọ́lẹ̀ ti sán gbọnrangandan, omi sì ń yọ níbẹ̀ wúruwúru. Òkúta ni wọ́n kọ́ ẹ̀rọ láti mọ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ láti wo ilẹ̀ abẹ́ òkúta. Ó ṣí àwòrán àtijọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, kò sí nǹkan níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó tín-ín-rín bí irun. Lẹ́yìn náà, bí okùn. Nísinsin yìí, ọwọ́ ènìyàn á wọ ibẹ̀.

Ó sáré pe Ọ̀gá. Lọ́tẹ̀ yìí, Ọ̀gá ò sọ pé òjìji ni.

"Fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́. Kí gbogbo ẹni tó wà lábẹ́ òkè kúrò. Mò ń pe àwọn tó máa dí títì."

Ìkìlọ̀ lọ. Bí àwọn tó wà lẹ́sẹ̀ òkè ṣe ń dáhùn pé àwọn ti kúrò, ibi tí wọ́n wà ń di àwọ̀ ewé lójú kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan. Òmíràn. Gbogbo wọn. Ọ̀gá mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló na ìka sí igun.

"Ibí yìí ńkọ́?"

Tíṣà Òkúta gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà.

"Tíṣà. Ṣọ́ọ̀bù wà níbí. Kí ló dé tí ìlà yà kúrò lára rẹ̀?"

"Èmi ni mo fà á bẹ́ẹ̀, sà."

"Nítorí iná rẹ̀, àbí?"

Ó la ẹnu. Irọ́ náà ò jáde mọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi ni, sà."

Ọ̀gá ò bínú. Ó kàn ń wò ó. Ìyẹn ló dùn ún jù. "Pè é," ni Ọ̀gá wí.

Ó ti yọ nọ́ńbà rẹ̀ kúrò lórí fóònù láti ọjọ́ ìsìnkú. Ìyá wọn ló pe nọ́ńbà náà fún un, kò sì bi í léèrè kankan. Fóònù ń dún, ń dún. Kò sẹ́ni tó gbé e. Ẹni tó ń jó irin kì í gbọ́ fóònù.

Ó já kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ọ́fíìsì gbà, ó jáde.

Ọ̀sán ni, ṣùgbọ́n òjò tó ṣú ti sọ ọ́ di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀nà ò jìn. Lẹ́sẹ̀ òkè, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ti tì. Kò sí ẹyẹ. Kò sí kòkòrò tó ń ké. Afẹ́fẹ́ dúró. Ohun kan ṣoṣo tó ń dún ni iná ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígun: ṣìì. Ṣìì.

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ rí ni ihò.

Níwájú ṣọ́ọ̀bù, níbi tí òkúta Bàbá máa ń wà, ilẹ̀ jìn kòtò, ó fẹ̀, ó sì ṣẹ́ wọnú ní ẹ̀gbẹ́ kan. Omi òjò dúró ní gbogbo àyíká. Inú kòtò náà gbẹ. Koríko funfun tí kò rí oòrùn rí ló wà nínú rẹ̀. Èèrà ń gbé ẹyin wọn lọ jẹ́jẹ́, wọn ò kánjú. Kò sí ipa wíwọ́. Kò sí ẹsẹ̀ ọkọ̀.

"Bọ̀dá."

Ṣìì. Ṣìì.

"Bọ̀dá!"

Iná kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ká ìbojú irin sókè. Ó ti dàgbà. Ojú bàbá wọn ló wà lójú rẹ̀.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Ẹ jáde, ẹ jọ̀ọ́."

"Láti ìgbà wo lo ti mọ ọ̀nà ibí?"

"Ẹ jáde, kí ẹ wá máa bínú sí mi lóde. Òkúta òkè yẹn fẹ́ já. Ẹ̀rọ wa ti rí i."

"Ẹ̀rọ yín." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò dé ojú rẹ̀. "Ẹ̀rọ tó ti ń wo òkè láti ọjọ́ yìí, òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí èmi?"

Kò sí ẹni tó sọ fún un nípa ìlà. Ó kàn sọ̀kò sọ́jà ni. Ará ilé rẹ̀ ló bà.  Ẹ̀gbọ́n fa ìbojú bọ ojú padà.

"Bọ̀dá. Òkúta Bàbá dà?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Kí lo wí?"

"Kò sí níbẹ̀."

"Má fi Bàbá ṣeré."

"Ẹ wá wò ó."

Bí ó bá ti sọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà fún un títí ilẹ̀ fi ṣú, kì bá tí kúrò. Òkúta ló mú un jáde. Ó kọjá lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó dúró lórí kòtò náà. Ó kúnlẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

"Ó gbóná," ó wí wẹ́lẹ́. "Àná ni mo jókòó lé e. Àná yìí. Ta ló lè gbé e? Odindi ẹgbẹ́ ọkùnrin ò lè gbé e."

Nígbà náà ni nǹkan dún lókè.

Kò pariwo. Ó dún bí ilẹ̀kùn tí ẹnì kan ń ṣí díẹ̀díẹ̀, kó má bàa jí àwọn tó sùn. Wọ́n gbójú sókè. Àgbà tẹ̀ síwájú. Ilẹ̀ tú lábẹ́ rẹ̀, ó dà ṣọ̀ọ̀ bí gaàrí láti inú àpò tó ya. Kò sí ohun tó tún gbé e ró. Ẹ̀gbọ́n gbá ọwọ́ àbúrò mú.

Àgbà dúró.

Ó dúró lójú afẹ́fẹ́, ó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìdí rẹ̀ ò kan nǹkan kan. Òkúta wẹ́wẹ́ ń já bọ́ lára rẹ̀. Òun kò já. Gbogbo òkè dákẹ́.

"Kí ló dá a dúró?"

Ojú àbúrò ò rí nǹkan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí ìlà pupa náà wà.

Fèrè ọkọ̀ dún ní kọ́nà. Àwọn tó máa dí títì kò tíì dé. Ẹ̀gbọ́n sáré gba ọ̀nà kan, ìbojú irin lọ́wọ́, ó ń fì í. Àbúrò sáré gba ọ̀nà kejì. "Ẹ padà! Ẹ padà!" Bọ́ọ̀sì kan tó kún fún èèyàn tẹ bíréèkì, awakọ̀ yọ orí.

"Jórinjórin, ṣé iná ti dé ọpọlọ rẹ ni?"

"Bú mi tán, kí o sì padà!"

Awakọ̀ wo òkè. Kò bú ẹnikẹ́ni mọ́. Ó fi ẹ̀yìn rìn padà. Ọkọ̀ tó tẹ̀lé e náà padà. Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn wọ kọ́nà, tí títì dá páropáro, Àgbà já. Bí ẹni tó ru ẹrù tí wọ́n wá sọ fún un pé, ó tó, sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ilẹ̀ mì. Eruku bo gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà òjò dé, ó pa eruku.

Ṣọ́ọ̀bù ti tẹ́ pátápátá. Àgbà fọ́ wẹ́wẹ́ lórí rẹ̀. Láàárín àfọ́kù náà, nínú kòtò rẹ̀, òkúta Bàbá jókòó. Nǹkan kan ò ṣe é, àfi ojú kan ní èjìká rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dán, bí ibi tí ẹrù ti ń ha ènìyàn. Òjò ń rọ̀ sórí rẹ̀, ó ń rú ooru bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé.

Àwọn méjèèjì wò ó pẹ́. Kò sẹ́ni tó wí fún ẹnì kejì. Wọ́n jókòó lé e. Ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn, nínú òjò.

"Èmi ni mo fi ìlà yà yín sóde," àbúrò wí.

Ẹ̀gbọ́n fi ọwọ́ nu òjò kúrò lójú. "Bàbá pè ọ́. Wọn ò fi ìbínú pè ọ́. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má bá ọ wí. Èmi ni wọ́n fi iṣẹ́ náà rán, mi ò sì jẹ́ ẹ."

Lẹ́yìn náà, ẹ̀yìn ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Ta ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín? Àwọn méjèèjì ṣì ń jiyàn lé e títí di òní. Ìyá wọn ní òun ló jàre.

Mi ò sọ pé bàbá wọn ló gun òkè. Mi ò sọ pé áńgẹ́lì ni. Ẹni tó dá òkúta mọ ohun tó fi sínú rẹ̀. Ẹnu tèmi kéré. Ohun tí mo mọ̀ nìyí. Ọ̀gá ṣí àwòrán tí kámẹ́rà yà ní ìṣẹ́jú tí Àgbà fi dúró lójú afẹ́fẹ́. Ìlà pupa wà lábẹ́ rẹ̀. Òfìfo ló wà nínú ìlà náà. Ọ̀gá pa àwòrán náà dé, ó wo Tíṣà. "Mi ò mọ̀," ló wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Tíṣà Òkúta tún ìlà ńlá náà fà. Kò ya ẹnikẹ́ni sóde mọ́. Lẹ́yìn náà ló jókòó láti fi òkúta Bàbá han ẹ̀rọ bó ti yẹ. Ó fi ìlà yí i ká níwájú, lẹ́yìn, nínú oòrùn, nínú òjò. Ẹ̀rọ kọ̀. Lójoojúmọ́ ni òkúta náà ń wà nínú àwòrán, gbangba gbàǹgbà, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń jókòó lé e bó ti ń tún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọ́. Lójú ẹ̀rọ, orí òfìfo ló jókòó sí. Ó rí i níbi tí kò sí. Kò rí i níbi tó wà.

Lọ́sẹ̀ yìí, fáànù tún dúró.

Òkè mìíràn ni. Ó jìn sí tàkọ́kọ́, kámẹ́rà mìíràn ló ń wò ó, àwọn ẹlòmíràn ló ń gbé lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Lórí koríko, nísàlẹ̀ pátápátá: ìlà pupa. Ó fẹ̀. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ lórí. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ṣẹ́ wọnú. Òórùn irin gba yàrá náà kan. Tíṣà Òkúta ò pa á rẹ́. Ó dìde, ó kí i bí a ti ń kí àgbà, ó sì lọ bẹ̀rẹ̀ sí wá ẹni tí wọ́n yà sóde níbẹ̀.

Mi ò mọ òkè tó wà lórí ilé rẹ, ìwọ òǹkàwé. Mi ò mọ ẹni tí o yí ìlà gba ẹ̀yìn rẹ̀, tí o sì wá irọ́ kékeré kan tó jọ òtítọ́ fi bò ó. Ìwọ mọ̀ ọ́n. Orúkọ rẹ̀ ti wá sí ọ lọ́kàn bí o ti ń kàwé yìí. Yí padà. Pa ìlà náà rẹ́ lónìí. Bí o bá ti yọ nọ́ńbà rẹ̀, béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ. Gbé ìwé yìí sílẹ̀, kí o pè é.